Òpó iná yí àbàtà ká: kí ni ìmọ́lẹ̀ òru ń ṣe fún àwọn ẹ̀dá inú omi?

Ọmọ_Ẹ̀bádò

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá. Àbàtà kan wà láàárín àdúgbò wa, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ yí i ká, koríko odò sì bo apá kan rẹ̀. Ẹgbẹ́ àdúgbò ń gbèrò láti ri òpó iná gíga yí i ká, gílóòbù LED funfun, wọ́n sì tún fẹ́ gbé iná ńlá mélòó kan sétí omi tí yóò kọjú sí ojú omi gan-an kó lè máa dán lálẹ́. Mo ní kí wọ́n fi omi sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Èsì tí wọ́n fún mi ni pé ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe májèlé, kì í rùn, kí ló fẹ́ bà jẹ́ nínú omi?

Mo ti gbọ́ nípa àwọn ọmọ ìjàpá òkun tí iná etíkun ń ṣì lọ́nà, mo sì ti gbọ́ nípa àwọn ẹyẹ tó ń kọlu ilé gíga lóru. Omi tó dúró sójú kan láàárín ìlú ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo lè gbé síwájú wọn nípàdé tó ń bọ̀? Mi ò fẹ́ lọ fi ẹnu lásán jà.

Ẹja_Odò_Tútù

Ẹ kú akitiyan, Ọmọ_Ẹ̀bádò. Iṣẹ́ mi kò jìnnà sí ẹja àti odò, nítorí náà inú omi ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bí òru ṣe ń ṣókùnkùn tó. Lux ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ tó bá balẹ̀. Lóru tí kò sí òṣùpá, tó jẹ́ pé ìràwọ̀ nìkan ló wà lójú ọ̀run, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ilẹ̀ kì í ju nǹkan bí 0.001 lux. Òṣùpá àrànmọ́jú pàápàá kì í sábà kọjá 0.3 lux. Abẹ́ iná òpópónà lásán lè tó 10 lux, ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé iná tí àwa èèyàn ń wò bíi pé kò mọ́lẹ̀ tó nǹkan kan fi ìlọ́po ọgbọ̀n àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ju òṣùpá tó mọ́lẹ̀ jù lọ. Ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín alẹ́ olóṣùpá àti alẹ́ tí kò lóṣùpá ni àwọn ẹ̀dá inú omi ti ń lò látìgbà ìwáṣẹ̀ láti mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jẹun, ìgbà tó yẹ kí wọ́n sá pamọ́ àti ìgbà tó yẹ kí wọ́n yé ẹyin. Bí a bá wá da 10 lux sí i lórí, a ti gba àmì yẹn lọ́wọ́ wọn.

Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀dá kékeré kan wà nínú omi aláìníyọ̀ tó ń jẹ́ Daphnia, ìbátan edé ni, ojú lásán sì lè rí i bí èèyàn bá bu omi sínú gíláàsì tó tẹjú mọ́ ọn. Lọ́sàn-án, ìsàlẹ̀ omi ló ń wà kí ẹja má bàa rí i. Bí ilẹ̀ bá ṣú, á gòkè wá jẹ algae, àwọn ewé tíńtín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Lọ́dún 2000, Marianne Moore àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní adágún Waban lẹ́bàá Boston, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n dí ìmọ́lẹ̀ ìlú mọ́ apá kan nínú omi náà, wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀ bó ṣe wà. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, àwọn Daphnia tó gòkè dín kù, àwọn tó sì gòkè kò gòkè dé ibi tó yẹ kí wọ́n dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe iná tí wọ́n gbé kọjú sí omi ló ṣe èyí o. Ìmọ́lẹ̀ ìlú tó kún ojú sánmà ni. Àwọn olùwádìí náà sì tọ́ka sí ohun tó lè tẹ̀ lé e: bí ẹni tó ń jẹ algae kò bá gòkè wá jẹun, algae á ráyè pọ̀ sí i, omi á sì máa bà jẹ́.

Ti ẹja ńkọ́? Ní ilé ìwádìí Leibniz tó ń rí sí omi aláìníyọ̀ ní Berlin, wọ́n fi ẹja perch sínú omi tí ìmọ́lẹ̀ òru rẹ̀ kò ju 1 lux lọ. Melatonin, ohun inú ara tó ń sọ fún ẹja pé ilẹ̀ ti ṣú, lọ sílẹ̀ gan-an nínú wọn. Àwa èèyàn náà ní melatonin yìí, ṣùgbọ́n àwa lè fa aṣọ bo fèrèsé. Ẹja kò ní fèrèsé tó máa bò.

Èyí tó dùn mí jù ni ti clownfish, ẹja inú òkun, tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 2019. Ẹyin ẹja náà máa ń dúró de òkùnkùn kó tó pa. Níbi tí wọ́n ti tan iná sí ẹyin náà lóru, ìkankan kò pa. Nígbà tí wọ́n mú iná kúrò, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Mo mọ̀ pé clownfish kì í gbé inú àbàtà, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún yín pé ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan fún ohun tó wà nínú omi, ẹ sọ èyí fún un.

Ìyá_Àwọn_Ọmọ

Ẹ ṣeun àlàyé yìí o, ọ̀gá Ẹja_Odò. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi. Irú ọ̀nà ẹ̀bá omi bẹ́ẹ̀ wà níbi tí mò ń gbé, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọbìnrin mi ń gbà bọ̀ wálé ní ìrọ̀lẹ́. Ibi tó bá ṣókùnkùn níbẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí wọ́n á fi wọlé. Mo fẹ́ràn ẹyẹ, mo fẹ́ràn ọ̀pọ̀lọ́, ṣùgbọ́n ìyá kan kò ní gbà kí ọmọ òun máa rìn nínú òkùnkùn nítorí ẹyin ẹja. Ẹ má bínú sí mi. Bí ẹ bá lọ sípàdé yẹn láìní ìdáhùn fún àwọn ìyá, ẹ ò ní rí ẹni gbọ́ tiyín.

OnínáÌgboro

Mà, òótọ́ lẹ sọ, ẹnikẹ́ni tó bá fojú kéré ẹ̀rù yín kò ṣe dáadáa. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe jẹun, mo ti ri òpó tó pọ̀ mọ́lẹ̀. Ọ̀nà lẹ̀ ń bẹ̀rù ẹ̀, ẹ ò bẹ̀rù omi. Àwọn ọmọ yín kì í gba orí omi kọjá. Nítorí náà, àwọn iná ńlá tí Ọmọ_Ẹ̀bádò ní wọ́n fẹ́ kọjú sí omi, wọn ò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹwà ni wọ́n wà fún. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yọ kúrò, kò sì ní gba ààbò lọ́wọ́ ọmọ kankan.

Ó ku ti òpó gíga. Òpó tó ga tó mítà mẹ́jọ, tí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, kì í tan iná sí ọ̀nà nìkan. Ìdajì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ lè máa lọ sínú koríko, sínú omi, sójú fèrèsé àwọn èèyàn, bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n. Owó iná ni wọ́n sì ń san lórí gbogbo ẹ̀. Ohun mìíràn tún wà tí àwọn èèyàn kì í rò: iná gíga tí kò ní ìbòrí ń tàn sójú ẹni tó ń rìn tààrà. Ojú tó bá ti wo irú iná bẹ́ẹ̀ kì í tún rí ohun tó wà lẹ́yìn òpó, ẹni tó bá fẹ́ fara pamọ́ á wá rí ibi fara pamọ́ sí dáadáa. Ààbò kì í ṣe pé kí iná pọ̀. Kí ẹni tó ń rìn rí ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú ni.

Ohun tí èmi á ṣe bí iṣẹ́ náà bá dé ọwọ́ mi ni pé màá lo òpó kúkúrú, mítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, orí iná á dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, kò ní gbójú sókè rárá, màá sì fi ìdérí dí ẹ̀yìn rẹ̀ tó wà ní ìhà omi. Bí àyè bá wà, ìhà omi ni màá ri òpó sí kó lè kọ ẹ̀yìn sí omi, kó kọjú sí ọ̀nà. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, torí wọ́n rò pé bí òpó bá ti jìnnà sí omi ló dáa. Ibi tí iná kọjú sí ló ṣe pàtàkì jù.

Apẹja_Alẹ́

Ẹ jẹ́ kí n béèrè ọ̀rọ̀ kan. Àwa apẹja, iná la fi ń pe ẹja lóru. A ó tan iná sí ojú omi, ẹja á wá kún ibẹ̀. Bí iná bá burú fún ẹja, kí ló dé tí wọ́n ń sáré wá? Mi ò sọ ọ́ láti takò yín, ohun tí ojú mi ń rí ni.

Ẹja_Odò_Tútù

Ìbéèrè tó dáa ni, apẹja. Wọ́n ń wá lóòótọ́, àmọ́ kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí wọn bí wọ́n bá dé? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ dáhùn ẹ̀: ẹ̀ ń kó wọn. Àwọn ẹja kéékèèké ń tẹ̀ lé àwọn ẹ̀dá tíńtín tí ìmọ́lẹ̀ fà wá, ẹja ńlá ń tẹ̀ lé àwọn kéékèèké, ẹni tó fi ojú ṣọdẹ ló sì ń jèrè. Ní odò Puntledge ní British Columbia, Kánádà, àwọn séàlì, ẹranko inú omi tó ń jẹ ẹja, máa ń fẹ̀yìn lélẹ̀ lójú omi lábẹ́ iná afárá, gẹ́lẹ́ níbi tí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ti pàdé, tí wọ́n á sì máa gbá àwọn ọmọ ẹja salmon mú bí wọ́n ti ń bá omi lọ sí òkun. Iná tí ẹ̀yin ń tàn, ẹ ó pa á bí ẹ bá ń lọ sílé. Iná afárá kì í kú.

Àwọn ẹja mìíràn sì wà tí wọn kì í sún mọ́ iná rárá. Ẹja tó gùn bí ejò tí wọ́n ń pè ní eel máa ń yan òru tó dúdú jù láti fi lọ sí òkun lọ yé ẹyin. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ojú odò kọjá, ó lè dúró níbẹ̀, kó má fẹ́ kọjá. Ní Bìrìtìkó, wọ́n tún rí i pé àwọn ọmọ salmon tó máa ń jáde kúrò nínú òkúta wẹ́wẹ́ ní kété tí ilẹ̀ bá ṣú ń pẹ́ jáde níbi tí iná òpópónà wà, wọn kì í sì í jáde pọ̀ mọ́. Ẹja kékeré tó bá dá jáde lọ́tọ̀ rọrùn láti mú ju èyí tó wà láàárín ọ̀pọ̀. Iná fa èyí wá, ó lé tọ̀hún sẹ́yìn, nínú omi kan náà.

Àdán_Alẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀ láti òkè. Kò tíì sí ẹni tó dárúkọ àwọn kòkòrò, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló so omi pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Lámilámi, mayfly, kòkòrò caddis àti ọ̀pọ̀ irú wọn, inú omi ni wọ́n ti ń ṣe ọmọdé. Bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní àṣálẹ́, wọ́n á wá di oúnjẹ ẹyẹ, àdán, ọ̀pọ̀lọ́ àti aláǹtakùn. Bí òpó iná bá wà létí omi, ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á máa yí i po títí àárẹ̀ á fi mú wọn, láìgùn, láìyé ẹyin. Ní Westhavelland ní Jámánì, ibì kan tí òru rẹ̀ ṣì dúdú gan-an, wọ́n ri òpó iná síbi kòtò omi nínú pápá láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Kòkòrò tó ti inú omi jáde kóra jọ síbẹ̀, irú àwọn ẹ̀dá tó ń fi ilẹ̀ etí omi ṣọdẹ sì yí padà. Oúnjẹ tó yẹ kó tàn káàkiri ilẹ̀ ti wá ń kóra jọ sí ojú kan.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn kòkòrò yìí ní ojú tó lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ta padà láti ojú omi, ìyẹn ni wọ́n fi ń dá omi mọ̀. Ọ̀dà dúdú ojú títì ń ta ìmọ́lẹ̀ padà lọ́nà kan náà. Ní odò Danube ní Hungary, ní afárá Tahitótfalu, mayfly tí wọ́n ń pè ní Ephoron virgo máa ń fò ní ọ̀wọ́ lójú odò lálẹ́. Iná afárá á fà wọ́n sókè, wọ́n á wá rí ojú títì tó dúdú tó ń dán, wọ́n á rò pé omi ni, wọ́n á sì yé gbogbo ẹyin wọn sórí ọ̀dà. Ìran ọdún kan ṣègbé nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀ wá ronú kan ìtọ́jú tó ṣàjèjì: wọ́n gbé iná mìíràn sí ìsàlẹ̀ afárá, tó kọjú sí omi, kó lè dá kòkòrò náà dúró lókè omi kí wọ́n má gòkè lọ sójú títì. Mo sọ èyí torí mi ò fẹ́ kí Ọmọ_Ẹ̀bádò lọ sọ nípàdé pé kò sí ìgbà kankan tí iná yẹ lójú omi. Ó ṣẹlẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àrùn tí iná dá sílẹ̀ ni wọ́n fi iná wò.

Ti àdán, tí mo fẹ́ràn jù, kò ṣòro. Irú kan wà tó ń jẹ́ Daubenton, ojú omi gan-an ló ti ń ṣọdẹ, ìyẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Bí ẹ bá tan iná sí omi náà, kò ní wá mọ́. Àwọn àdán mìíràn tí ara wọ́n yá sí iná á wá jẹun lábẹ́ òpó, àwọn èèyàn á wá ní "ṣebí àdán ṣì wà níbí." Òótọ́ ni, àmọ́ irú kan ṣoṣo ló kù. Ní Nieuwkoop ní Netherlands, àdúgbò kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà tí ìjọba ń dáàbò bò, iná pupa ni wọ́n gbé sójú títì lọ́dún 2018, nítorí pé pupa kì í da àwọn àdán tó ń sá fún iná láàmú tó funfun. Àwọn èèyàn ń rìn níbẹ̀, wọ́n sì ń ríran.

Ìyá_Àwọn_Ọmọ

OnínáÌgboro, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, mo gbà pé iná tó kọjú sí omi kò wúlò fún ọmọ mi. Ó ku ìbéèrè kan. Ẹ̀fọn ńkọ́? Àbàtà ni ilé ẹ̀fọn. Àwọn kan ní bí ibẹ̀ bá mọ́lẹ̀, ẹ̀fọn á dín kù.

Ẹja_Odò_Tútù

Mà, òdìkejì rẹ̀ ni ẹ̀rí ń tọ́ka sí. Ẹ̀fọn Aedes aegypti, tó ń gbé ibà dengue àti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri, ojú ọ̀sán ló sábà máa ń jẹ èèyàn. Nínú ìdánwò kan tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, àwọn tí wọ́n tan iná sí lóru jẹ èèyàn lóru ju àwọn tó wà nínú òkùnkùn lọ. Iná ti fún wọn láyè sí i. Ẹ̀fọn Culex pipiens ní tirẹ̀, ní àwọn ilẹ̀ olótùútù, máa ń fi bí ọjọ́ ṣe ń kúrú mọ̀ pé ó tó àkókò láti sinmi títí òtútù á fi lọ. Iná òru ń tàn án jẹ, kò sì ní sinmi nígbà tó yẹ.

Ohun tó ń dín ẹ̀fọn kù nínú àbàtà ni ẹja kéékèèké tó ń jẹ ìdin rẹ̀, ọmọ lámilámi tó wà nínú omi, àti àdán lókè. Àwọn tí à ń sọ pé kí iná má dà láàmú náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ọ̀pọ̀lọ́ kún un níbí. Ní Kánádà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2006 fi hàn pé akọ àkèré tí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí kì í ké tó bó ṣe ń ké nínú òkùnkùn, ibi tó wà kì í sì í gbà á mọ́, ó ń sún kiri. Igbe yẹn ló fi ń pe abo. Ní Faransé, wọ́n tan iná sí àwọn akọ ọ̀pọ̀lọ́ lóru ní àsìkò gígùn, ìwọ̀n ẹyin tó di ọmọ sì dín kù. Tọ́ọ̀ṣì ni wọ́n lò ní Kánádà o, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe òpó mítà mẹ́jọ.

Ojú_Sánmà

Èmi jẹ́ ẹni tó ń wo ìràwọ̀, nítorí náà apá òkè ni tèmi. Iná tó gbójú sókè, àti èyí tó ta padà láti ojú títì, máa ń bá afẹ́fẹ́ àti eruku pàdé lókè, á sì tún padà sọ̀ kalẹ̀. Ìyẹn ló ń fa ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú tó máa ń bo orí ìlú ńlá. Láyé àtijọ́, alẹ́ tí àwọsánmà bá bò ló máa ń ṣókùnkùn jù. Nínú ìlú, ó ti yí padà: àwọsánmà ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlú, ó sì ń dá a padà. Ìwọ̀n tí wọ́n mú ní Berlin, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2011, fi hàn pé àwọsánmà mú kí ojú ọ̀run mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá láàárín ìlú. Àwọn àbàtà tí kò ní òpó kankan nítòsí náà ń rí èyí. Máàpù àgbáyé tí Fabio Falchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2016 ní ó ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn ayé tó ń gbé lábẹ́ ọ̀run tí ìmọ́lẹ̀ ti bà jẹ́. Ìwádìí mìíràn tó jáde lọ́dún 2023, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lásán fi ojú ara wọn wo ìràwọ̀ fún, ní ojú ọ̀run ń mọ́lẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 9.6 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún láti 2011 sí 2022.

Apẹja_Alẹ́

Ó dáa, bí ojú ọ̀run bá ti mọ́lẹ̀ tó báyìí, kí ni òpó mélòó kan tún fẹ́ bà jẹ́? Àwọn ará ìpàdé máa béèrè èyí o.

Ojú_Sánmà

Wọ́n á béèrè ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú sánmà ìlú ṣì wà nínú ìdá lux kan, lọ́pọ̀ ibi. Òpó tó kọjú sí omi ń gbé odindi lux wá, ó lè tó mẹ́wàá. Ti ojú sánmà, gbogbo ìlú ló máa pawọ́ pọ̀ tún un ṣe. Ti òpó yẹn, ìpàdé kan ṣoṣo lè dá a dúró.

OnínáÌgboro

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àwọ̀ kún un, torí ó máa jẹyọ. LED funfun tí wọ́n ń tà jù, èyí tí wọ́n kọ 4000K tàbí 6500K sí lára, ní àwọ̀ búlúù púpọ̀ nínú. Èyí tí wọ́n kọ 2200K sí pọ́n bí òfeefèé, búlúù inú rẹ̀ kéré. Owó wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n lo olófeefèé, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Ẹja_Odò_Tútù

Ọ̀gá oníná, ìdajì rẹ̀ tọ̀nà, ìdajì tó kù léwu. Olófeefèé dáa fún kòkòrò, ó sì dáa fún ojú sánmà. Mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n inú omi yàtọ̀. Nínú òkun tó mọ́, búlúù ló ń lọ jìnnà jù, pupa sì ń tètè kú. Omi àbàtà kì í rí bẹ́ẹ̀. Ewé àti igi tó ti jẹrà sínú rẹ̀ ló sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀, ohun tó pa á láwọ̀ dà yẹn sì ń gbé búlúù mì kíákíá. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, òfeefèé àti pupa ló ń wọlé jìnnà jù. Ẹni tó bá gbé iná olófeefèé kọjú sí omi àbàtà tó wá sùn dáadáa pé òun ti tọ́jú ẹja, kò tíì tọ́jú ẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ibi tí iná kọjú sí ju àwọ̀ rẹ̀ lọ. Kí ìmọ́lẹ̀ má kan omi ni ohun àkọ́kọ́. Kó kéré ni èkejì. Kó kú nígbà tí ẹnikẹ́ni kò bá rìn níbẹ̀ ni ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí la tó ń sọ̀rọ̀ àwọ̀.

OnínáÌgboro

Mo gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì yé mi. Mi ò mọ̀ pé omi dúdú ń ṣe báyẹn sí ìmọ́lẹ̀. Olófeefèé ṣì ni màá yàn, àmọ́ lẹ́yìn ìdérí ni.

Ọmọ_Ẹ̀bádò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti là mí lójú. Ohun kan ṣoṣo ló kù tí wọ́n máa fi kò mí lójú: "Níbo ni wọ́n ti ṣe é rí?" Ṣé ìjọba kankan wà tó ti fi òfin dá a dúró?

Ojú_Sánmà

Ó wà. Ní Faransé, àṣẹ ìjọba ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2018 sọ pé iná kò gbọ́dọ̀ tàn tààrà sí odò, adágún, ọ̀sà kékeré àti etí òkun. Wọ́n yọ àwọn ibi tí ààbò bá ti pọn dandan sílẹ̀, bí èbúté àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà. Àṣẹ kan náà fi 3000K ṣe òkè téńté àwọ̀ iná fún ọ̀pọ̀ iná ìta, ó sì dín ìmọ́lẹ̀ tó lè gbójú sókè kù. Orílẹ̀-èdè odindi ló ṣe é, kì í ṣe àdúgbò kan.

Lọ́dún 2020, ní ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Gandhinagar ní Íńdíà, àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí àwọn ẹranko tó ń ṣí kiri fọwọ́ sí ìlànà kan lórí ìmọ́lẹ̀ òru. Ìjàpá òkun àti àwọn ẹyẹ etí omi wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ DarkSky, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ iná níbẹ̀ sì ti fẹnu kò lórí ìlànà kan tó rọrùn: kí iná ní iṣẹ́ tó ń ṣe, kó kọjú sí ibi tí iṣẹ́ náà wà, kó má mọ́lẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kó ní ohun tó ń darí rẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Ẹ rí i pé kò síbi tí wọ́n ti ní kí èèyàn máa rìn nínú òkùnkùn.

Ọmọ_Ẹ̀bádò

Ohun tí mo kọ sílẹ̀ láti gbé lọ rèé, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Kí wọ́n yọ gbogbo iná tó kọjú sí omi kúrò nínú ètò. Kí òpó tó wà lọ́nà jẹ́ kúkúrú, kó kọ ẹ̀yìn sí omi, kó ní ìdérí. Kí ìhà kan tí koríko odò ti pọ̀ jù, tó jẹ́ pé ọ̀nà kò tilẹ̀ gbabẹ̀ kọjá, má ní iná kankan. Kí gbogbo iná kú láti aago mọ́kànlá alẹ́ títí di ìdájí.

Ìyá_Àwọn_Ọmọ

Mo fọwọ́ sí gbogbo ẹ̀ àfi èyí tó kẹ́yìn. Àwọn nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn aago mọ́kànlá. Obìnrin tó dá rìn láago méjìlá nílò iná ju ẹni tó rìn láago mẹ́jọ lọ.

OnínáÌgboro

Ìyá gba ọ̀rọ̀ náà sọ dáadáa. Ẹ má pa á pátápátá. Ẹ lo sẹ́ńsọ̀: lẹ́yìn aago mọ́kànlá, kí iná rẹlẹ̀ sí ìwọ̀n tó kéré gan-an, bí ẹni bá wọ ọ̀nà, kí èyí tó wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀ gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, bó bá ti kọjá tán, kó tún rẹlẹ̀. Ẹ rántí sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé kó kọ ojú sẹ́ńsọ̀ sí ọ̀nà. Bó bá kọjú sí koríko, afẹ́fẹ́ àti ẹyẹ ni yóò máa tan iná náà láti alẹ́ mọ́júmọ́.

Ìyá_Àwọn_Ọmọ

Èyí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ lè sọ nípàdé pé ìyá kan tó ń bẹ̀rù òkùnkùn ló fọwọ́ sí i.

Ẹja_Odò_Tútù

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un, Ọmọ_Ẹ̀bádò, kò sì gba owó. Kí wọ́n tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ bí ibẹ̀ ṣe rí sílẹ̀ báyìí. Ẹ yan wákàtí kan náà lálẹ́, ẹ dúró sójú kan náà, kí ẹ kọ iye akọ àkèré tí ẹ gbọ́ igbe wọn, àwọn àdán tí ẹ rí lójú omi, bóyá òṣùpá wà, bóyá àwọsánmà bo ojú ọ̀run, bóyá òjò rọ̀. Ẹ ṣe é létí àbàtà yín, kí ẹ sì ṣe é létí omi mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò ní gbé iná sí, torí bí àkèré bá dín kù ní ibi méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, a jẹ́ pé òjò ló fà á, kì í ṣe iná. Bí wọ́n bá ti gbé iná dé, ẹ máa ka iye wọn lọ bẹ́ẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tún béèrè ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń ṣe nínú omi, ìwé tiyín lẹ máa ṣí fún un.

Ọmọ_Ẹ̀bádò

Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ méjì tó máa bá mi ṣe é, alẹ́ òní la ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀, gbogbo yín. Bí ìpàdé bá ti parí, màá wá kọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí síbí.